Bí Eékún Bá Ń Dunni, Tí A Sì Fẹ́ Fẹsẹ̀ Rìn Káàkiri Èkó

Àwọn tí mo ń kọ ìrírí yìí fún ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí ọjọ́ orí ti dé sí, tí àrọ́mọléegun ti fi eékún wọn ṣe ibùgbé, ṣùgbọ́n tí ó ṣì ń wù wọ́n láti fi ojú ara wọn rí àwọn ilé àti òpópónà tí ìtàn Èkó ti ṣẹlẹ̀. Mo mọ̀ pé a pọ̀. Àwọn ọmọ wa á ní kí a jókòó sílé kí a máa wò ó lórí fóònù, àwọn dókítà á sì ní kí a máa rìn kí oríkèé má baà gan. Ọ̀rọ̀ dókítà ni èmi tẹ̀ lé, ìyà díẹ̀ sì jẹ mí kí n tó mọ bí a ti ń ṣe é. Ìyà yẹn kò pọn dandan fún ẹlòmíràn mọ́, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀.

Sùúrùlérè ni ilé mi wà. Bí àwa ará ibẹ̀ bá sọ pé a ń lọ sí Èkó, erékùṣù ni à ń wí, ọjà la sì sábà máa ń bá lọ. Bí a bá ti ra aṣọ tán ní Balógun, ọkọ̀ tó ń padà sí òkè odò la ó wọ̀ láìbojú wẹ̀yìn. Mo kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ní 1851 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lu Èkó, tí wọ́n lé Kòsọ́kọ́, tí wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè, àti pé ní 1861 ni wọ́n gba ìlú náà lọ́wọ́ Dòsùnmú. Síbẹ̀, n kò tíì dúró níwájú Ìgá Ìdúngánràn, ààfin ọba Èkó, rí. Nígbà tí àbúrò mi obìnrin wá láti Ìbàdàn nínú oṣù Ẹrẹ́nà, òun ló mú ọ̀rọ̀ wá pé àwọn ọ̀dọ́ kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa fẹsẹ̀ mú àlejò kiri àárín Èkó, tí wọ́n á máa ròyìn ilé kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń lọ. Ó ní kò ju wákàtí méjì lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa bá wa san owó rẹ̀, ó sì ní òun náà yóò bá wa lọ.

Kí ọjọ́ náà tó pé, mo pe amọ̀nà wa lórí fóònù, mo sì sọ ọ̀rọ̀ eékún mi fún un láìfi ohunkóhun pa mọ́. Mo bi í pé báwo ni ibi tí a ó rìn dé ti jìnnà tó. Ó ní, "Mọ́mì, kò jìnnà rárá. Ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ẹ rìn." Ọmọ náà kò purọ́. Láti Freedom Park dé ojúde ọba, bí ènìyàn bá gba ọ̀nà tààrà, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ibi tí mò ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọjà àti bọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n jíjìnnà kọ́ ni ìbéèrè tó yẹ ẹni tí eékún ń dùn. Ẹni tí eékún ń dùn lè rìn, bí wọ́n bá jẹ́ kí ó máa rìn ní ìwọ̀n ara rẹ̀. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó dúró sójú kan bí òpó iná fún ogún ìṣẹ́jú, kí ó tún ṣípò díẹ̀, kí ó sì tún dúró fún ogún ìṣẹ́jú mìíràn. Ìrìn pẹ̀lú amọ̀nà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi púpọ̀, kì í sì í ṣe ìrìn ní tòótọ́: ìdúró ni, tí a ń fi ìrìn díẹ̀díẹ̀ là láàárín. Nítorí náà, ohun tí ẹ ó bi amọ̀nà yín ni pé ibo ni ẹ ó ti dúró, báwo ni ìdúró kọ̀ọ̀kan yóò ti pẹ́ tó, àti pé níbi wo nínú wọn ni ìjókòó wà. Bí kò bá lè dáhùn kíá, ẹ jẹ́ kí ó lọ wò ó kí ó tó gba owó yín.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n yàn. Ẹnubodè Freedom Park tó kọjú sí Broad Street ni ìpàdé wà, aago mẹ́sàn-án. Àwa ará ilé mi ti dé kí aago náà tó lù. Àwọn tó kù ń dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, oòrùn sì ti mú kí a tó bẹ̀rẹ̀. Amọ̀nà wa mọ ìtàn, n kò lè fi ìyẹn dù ú. Ó sọ fún wa pé ẹ̀wọ̀n ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé ní 1882 ni ìjọba amúnisìn fi amọ̀ mọ ọ́, àti pé ní 1885 ni wọ́n fi bíríkì tí ọkọ̀ ojú omi gbé wá láti Ìlú Ọba tún un kọ́. Herbert Macaulay wà lára àwọn tí wọ́n tì mọ́bẹ̀. Ní 2010, tí orílẹ̀-èdè wa pé àádọ́ta ọdún tó gba òmìnira, ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìgbafẹ́ tí Theo Lawson ya àwòrán rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n sì di orí ìtàgé tí àwọn olórin ń gùn. Orí ìdúró ni a ti gbọ́ gbogbo èyí. Àwọn àga wà lábẹ́ igi nínú ọgbà náà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò jókòó lé, nítorí pé ara gbogbo ènìyàn ṣì le nígbà náà.

Ibí yìí ni ìṣètò ọjọ́ náà ti yí sódì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò hàn sí ẹnikẹ́ni. Ibi tó ní ìjókòó, òjìji, oúnjẹ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n fi ṣáájú. Ibi tí kò ní ọ̀kankan nínú wọn ni wọ́n fi ṣe ìparí, ní ọ̀sán gangan, ní ọjọ́ tí ọjà kún jù.

A bọ́ sí Marina, a wọ Kàtídírà Ìjọ Kristi, èyí tí Bagan Benjamin ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n sì parí kíkọ́ rẹ̀ ní 1946. Inú rẹ̀ tutù, bẹ́ǹṣì pọ̀, a sì jókòó. Amọ̀nà wa rẹ ohùn sílẹ̀, ó sọ ìtàn Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí òkun, tó sì di bíṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà ní 1864. Ó fi ibi ìrántí rẹ̀ hàn wá nínú ilé náà. Gbogbo ohun tó sọ níbẹ̀ ni mo lè kà fún yín lónìí láìwo ìwé. Ohun tó sọ ní àwọn ibi tí a dé lẹ́yìn náà, àbúrò mi ló tún un sọ fún mi nílé. Ẹni tí ìrora ń bá wọ̀jà kì í gbọ́ ìtàn. Yóò kàn máa wo ẹnu ẹni tó ń sọ ọ́, yóò sì máa bẹ Ọlọ́run pé kí ó parí.

Ní òpópónà Kakawa a kọjá níwájú Ilé Omi tí ìdílé da Rocha kọ́. João Esan da Rocha jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíl nígbà tó wà lọ́mọdé, tó sì padà wálé. Kànga tó wà nínú ọgbà ilé náà ni àwọn ará Èkó ti ń ra omi nígbà tí omi ẹ̀rọ kò tíì dé, nítorí pé ọdún 1915 ni ìjọba tó ṣí ilé iṣẹ́ omi Ìjù. A kò pẹ́ níbẹ̀. Ojú ọ̀nà há, ọkọ̀ ń fọn fèrè, olúkúlùkù gbé fóònù sókè ya àwòrán fèrèsé àti òpó rẹ̀, a sì ń lọ. Mo rí i nígbà tó yá pé bí ó ti yẹ kí a ṣe ní ọ̀pọ̀ ibi nìyẹn.

Gbàgede Tìnúbú ni eékún ọ̀tún mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Amọ̀nà wa kó wa dúró sí etí títì, níwájú ibi tí Ilojo Bar wà tẹ́lẹ̀. Fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, ilé alájà kan ni, tí ìdílé Fernandez, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà tó ti òkè òkun bọ̀, kọ́ ní nǹkan bí 1855. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Síbẹ̀, wọ́n wó o palẹ̀ nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Ìtàn náà dunni, ó sì yẹ kí ó dunni. Amọ̀nà wa fi ìtara sọ ọ́, ó sọ ti ẹni tó ni ín, ó sọ ti òfin, ó sọ ti àwọn tó pariwo títí tí wọn kò gbọ́. Ibẹ̀ ni a dúró pẹ́ jù ní gbogbo ọjọ́ náà, nínú oòrùn tí kò ní ìbòòji, a ń wo ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo rò ó nínú ọkàn mi pé bí ilé bá ti wó, kò sí ohun tó ní kí a wà lórí ìdúró níwájú àpá rẹ̀ kí a tó gbọ́ ìtàn rẹ̀. A lè jókòó sí ibòmíràn gbọ́ ọ.

Ìtàn Ẹfúnróyè Tìnúbú fúnra rẹ̀, obìnrin oníṣòwò tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe gbàgede náà, ni ó wá tẹ̀ lé e: bí wọ́n ṣe lé e kúrò ní Èkó ní 1856, bí ó ṣe kọrí sí Abẹ́òkúta, tí wọ́n sì fi í jẹ Ìyálóde níbẹ̀ ní 1864. Ó tún tọ́ka sí orísun omi tí àwọn ará Lẹ́bánónì fi ta ìlú lọ́rẹ nígbà òmìnira ní 1960. N kò gbọ́ ju ìdajì lọ. Mo ti gbé ìwúwo ara mi sórí ẹsẹ̀ òsì, mo ń wá ohun tí mo lè fara tì.

Ó yẹ kí n sọ nǹkan kan níbí nípa ìtìjú, nítorí pé ó ń ṣe eékún ní ibi ju oòrùn lọ. Bí a ti ń kúrò ní gbàgede náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wa kígbe sí amọ̀nà pé, "Ẹ jẹ́ ká dúró de Grandma o." Inú rere ni ó fi sọ ọ́. Gbogbo wọn dúró, wọ́n yíjú sẹ́yìn, wọ́n ń wò mí bí mo ti ń bọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sáré ju bó ti yẹ lọ kí wọ́n má baà tún yíjú. Bí mo bá sì ti bá wọn, àwọn ti sinmi tán, amọ̀nà á tún gbéra. Ẹni tó rẹ̀ jù ni kì í rí ìsinmi. Amọ̀nà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á fi aláìlera ṣáájú, á ní kí àwọn tó kù máa bọ̀ lẹ́yìn, àárín ẹgbẹ́ ni ìsinmi á sì máa bọ́ sí fún gbogbo ènìyàn. Ẹ béèrè fún un ní ìbẹ̀rẹ̀, ní gbangba, kí ojú má baà tì yín lẹ́yìn náà.

Ọ̀rọ̀ omi náà wà níbẹ̀. Àwa obìnrin mẹ́ta tí a jọ wà ní ẹ̀yìn kò mu omi tí a gbé dání, nítorí pé a kò mọ ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lẹ́yìn tí a fi ọgbà sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún ẹnìkejì. Olúkúlùkù kàn ń ronú ara rẹ̀. Èyí ń ṣẹlẹ̀ ju bí àwọn ọkùnrin tó ń ṣètò irú ìrìn yìí ti rò lọ, oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi ọ̀fun gbígbẹ kojú. Ilé oúnjẹ kékeré tí a bá ti ra mítípáì tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan ṣoṣo kì í sábà lé oníbàárà rẹ̀ jáde ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí amọ̀nà sọ èyí tó wà lójú ọ̀nà fún yín kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì mu omi yín.

Ní Martins Street a rí mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tó lẹ́wà ju bí mo ti rò lọ. Mohammed Shitta ló kọ́ ọ. Ní 1894 ni wọ́n ṣí i, João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá Àgùdà tó mọ iṣẹ́ ilé kíkọ́, ló sì darí iṣẹ́ rẹ̀, ìdí nìyí tí iwájú rẹ̀ fi jọ ti àwọn ilé tí àwọn Àgùdà kọ́ ní Bamgbóṣé àti Campos. Ọba àwọn Túrúkì ló fi oyè Bey ránṣẹ́ sí i ní ọjọ́ ìṣílé náà. Ìbòòji wà ní ìhà kejì òpópónà, ibẹ̀ ni mo fara ti ògiri ilé kan.

Láti ibẹ̀ lọ sí Ìdúmọ̀tà ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ pátápátá. Ẹ̀yin tó mọ Ìdúmọ̀tà ní ọ̀sán Sátidé mọ ohun tí mò ń wí. Àwọn alábàárù ń pariwo "Ẹ yàgò! Ẹ yàgò o!" pẹ̀lú ẹrù tó ga ju ènìyàn lọ lórí wọn, ọmọlanke ń bọ̀ níwájú, ọkọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, orí pákó àti kọ́ńkéré tí wọ́n fi bo gọ́tà ni ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, ọ̀kan sì ga ju èkejì lọ. Ẹnìkan fẹsẹ̀ kọ ọ̀pá mi, ó fò lọ sábẹ́ tábìlì aláṣọ kan. Obìnrin tó ni tábìlì náà ló mú un jáde, ó wò mí lójú, ó sì fa àpótí tó jókòó lé kúrò nídìí ara rẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ jókòó. Ibo lẹ̀ ń sáré lọ?" Mo jókòó. N kò lè ṣàpèjúwe ìtura ọ̀hún fún ẹni tí eékún kò tíì dùn rí. Mo ra yẹtí kan lọ́wọ́ rẹ̀ tí n kò nílò, mo sì rí i pé láti Tìnúbú wá ni mo ti ń kọjá lára àpótí àti bẹ́ǹṣì àwọn ọlọ́jà, tí n kò mọ̀ pé bí mo bá ra nǹkan, tí mo sì kí wọn dáadáa, ìjókòó náà lè jẹ́ tèmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Amọ̀nà wa kò mọ obìnrin yẹn, kò sì mọ ẹnikẹ́ni ní òpópónà náà. Ìyẹn ni ó wá hàn gedegbe ní Ẹnu Ọ̀wá. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ wa gbé fóònù sókè láti ya àwòrán ibi kan tí àwọn ọmọ àdúgbò kò fẹ́ kí wọ́n yà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin bíi mélòó kan dìde, wọ́n ní kí ó pa á rẹ́, wọ́n ní ta ló mú wa wọlé, wọ́n ní kí a mú owó àdúgbò wá. Amọ̀nà wa ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá àgbàlagbà kan tó wọ fìlà funfun, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ló pe àwọn ọmọ náà ní orúkọ, ó bá wọn wí, ó sì yíjú sí wa pé, "Ẹ kú ìrìn o. Ẹ má bínú. Ẹni bá wá sílé onílé, kíkí ló kọ́kọ́ ń kí." Òótọ́ ni ó sọ. Ibẹ̀ kì í ṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a fi okùn yí ká. Ààfin ọba wà níbẹ̀, ojúbọ wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń sùn, wọ́n ń jí, wọ́n ń se ọbẹ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ tí Ẹ̀yọ̀ bá jáde, ẹni tó wọ bàtà tàbí tó di ṣùkú kò gbọdọ̀ kọjá ní ojú ọ̀nà wọn. Àlejò tó bá mọ̀ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà ní ìlú kan á béèrè kí ó tó gbé fóònù sókè.

Nígbà tí a fi dé iwájú Ìgá, ibi tí oko ata olóyè Arómirẹ́ wà ní àtijọ́, èmi kò lè wo ohunkóhun mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa pe kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó gbé èmi àti ìyá rẹ̀ kékeré sínú rẹ̀, a sì lọ. Wákàtí méjì tí wọ́n sọ ti di mẹ́rin. Eékún ọ̀tún wú fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Dókítà mi sọ fún mi pé oògùn ara ríro tí mo lò kí n tó jáde nílé, láìjẹun, kò ṣe mí lóore: ó bo ìrora tó yẹ kó kìlọ̀ fún mi ní ìbẹ̀rẹ̀, inú ni ó sì fi run mí. Ó ní bí mo bá tún máa lọ, kí n jẹun, kí n fi oògùn sínú báàgì, kí n sì jẹ́ kí ara fúnra rẹ̀ sọ ìgbà tí ó tó láti jókòó.

Àwọn ọmọ mi rò pé ó ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi pé mo dé iwájú Ìgá tí n kò rí i. Nígbà tí òjò ti rọ̀, tí oòrùn ti rọlẹ̀ díẹ̀, mo padà lọ pẹ̀lú amọ̀nà mìíràn, ọmọ bíbí Ìsàlẹ̀ Èkó tí ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa júwe fún mi. Mo ní kí ó yí gbogbo rẹ̀ padà. Ọjọ́ Àìkú la yàn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìsọ̀ máa ń wà ní títì. Ìgá la fi bẹ̀rẹ̀, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, Freedom Park la sì fi parí. Èrò inú ọkọ̀ wa nìkan ni ó kó dání, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi díẹ̀ tí eékún àwọn náà kò sàn ju tèmi lọ.

Òpópónà dá, ènìyàn lè rí òkè àwọn ilé láìsí pé ẹnìkan ń tì í. Bí amọ̀nà yìí ti ń lọ ni wọ́n ń kí i láti ojú fèrèsé, òun náà ń dá wọn lóhùn ní orúkọ, kò sì sí ẹni tó béèrè pé ta ló mú wa wọlé. Ní iwájú Ìgá, a kò wọ inú, nítorí pé ìyẹn gba kí a ti tọrọ àyè tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mú wa jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé àwọn ẹbí rẹ̀ kan tí kò jìnnà, ó sì sọ ìtàn Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ fún wa níbẹ̀, ọba tí ìjọba amúnisìn yọ lóyè ní 1925, tí wọ́n sì dá padà ní 1931 lẹ́yìn ẹjọ́ gígùn. Ìgbà tó sọ ọ́ tán ni ó tó ní kí a dìde lọ wo ojúde náà. Ìwò náà kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. A ti mọ ohun tí a fẹ́ wò.

Ọgbọ́n tó wúlò fún mi jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ nìyí, èmi kì í sì í jẹ́ kí amọ̀nà kankan fi dù mí mọ́: orí ìjókòó ni kí wọ́n ti sọ ìtàn, kí a sì fi ìdúró wo ilé. Ìtàn Ilojo Bar, inú Kàtídírà ni a ti gbọ́ ọ, lẹ́yìn tí ìsìn òwúrọ̀ ti túká tí wọ́n gbà wá láyè láti jókòó sẹ́yìn. A ti kọjá níwájú àyè ilé náà ṣáájú, a wò ó fìrí, a ń lọ. Mo sì gbé àga kékeré kan tó ṣeé ká pọ̀ dání, irú èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń lọ sí etíkun. Ó fúyẹ́, mo fi okùn gbé e kọ́ èjìká. Ojú kọ́kọ́ tì mí láti tẹ́ ẹ ní Martins Street, ṣùgbọ́n kí n tó dìde, ọ̀rẹ́ mi kan ti ní kí n jẹ́ kí òun náà lò ó.

Ọjọ́ Àìkú ní àbùkù tirẹ̀. Bí ẹ bá dé Marina ní agogo ìsìn, ẹ kò ní rí Kàtídírà wọ̀ bí àlejò, ẹ ó sì dúró níta. Ẹni tí ọjà wù láti rí náà kò ní rí i, ọjà sì wà lára ohun tí Èkó jẹ́. N kò jẹ́ sọ pé ìsọ̀ títì ni Ìdúmọ̀tà. Èrò tèmi ni pé kí a ya méjèèjì sọ́tọ̀: kí a bá amọ̀nà lọ ní ọjọ́ Àìkú, kí a sì lọ sí ọjà ní ọjọ́ mìíràn, ní àárọ̀, láìsí ẹgbẹ́ tí a ní láti bá rìn.

Bàtà kánfáàsì tó ní okùn ni kí ẹ wọ̀, nítorí pé sálúbàtà á yọ lẹ́sẹ̀ lórí pákó gọ́tà. Agboòrùn kò wúlò níbi tí èrò pọ̀ sí, á máa gún ẹlòmíràn lójú. Fìlà olójú gbòòrò ló dára. Ẹ béèrè bóyá owó tí ẹ san ní owó ìwọlé ọgbà nínú, kí ẹ sì jẹ́ kí amọ̀nà sọ tẹ́lẹ̀ pé òun ni yóò dá àwọn ọmọ àdúgbò lóhùn bí wọ́n bá béèrè nǹkan, kí ó má jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ ó máa tú báàgì lójú títì.

Ó ku ọ̀nà àbọ̀. Èyí tó ń pa eékún jù nínú gbogbo Èkó ni àkàsọ̀ afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní CMS, sísọ̀kalẹ̀ rẹ̀ sì burú ju gígùn rẹ̀ lọ. Ẹni tó fẹ́ wọ rélùwéè tó ń ti Marina lọ sí Máìlì Méjì láti 2023 lè wọ̀ ọ́, kí ó sọ̀ ní Tíátà tí ó bá ń lọ sí Sùúrùlérè bíi tèmi, ṣùgbọ́n káàdì Cowry ni wọ́n ń gbà, kí ó ti ra tirẹ̀ kí ó sì ti kówó sí i kí ó tó jáde nílé. Èmi ní tèmi, mo ní kí ọmọ mi gbé ọkọ̀ wá sí ẹnubodè Freedom Park ní Broad Street ní aago kan ọ̀sán, a jẹun tán lábẹ́ igi, mo sì rìn láti orí àga dé inú ọkọ̀ láìgun àkàsọ̀ kankan.